Òkúta Méjì Tí A Kò Mọ Ilé Wọn

Láti òwúrọ̀ ni ẹ̀rọ kan ti ń ké nínú ọgbà aládùúgbò mi. Wọ́n ń gbẹ́ bohóòlù. Ariwo rẹ̀ wọ ilé mi débi pé n kò gbọ́ rédíò mọ́, mo sì ti ń to ọ̀rọ̀ tí mo máa lọ sọ fún wọn jọ lẹ́nu, nígbà tí afẹ́fẹ́ gbé òórùn kan gba ojú fèrèsé wọlé. Òórùn amọ̀ tútù ni, amọ̀ abẹ́ ilẹ̀ tí oòrùn kò fojú kàn rí. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò jọ tú mọ́ mi lẹ́nu. Mo wọ sálúbàtà, mo gba ẹ̀yìnkùlé jáde, mo lọ dúró ti ẹrẹ̀ tí ẹ̀rọ náà ń pọ̀ jáde. Pupa ló kọ́kọ́ jẹ́, ó di pupa tó mọ́ra díẹ̀, ó tún wá funfun bí ẹ̀kọ. Mo bẹ̀rẹ̀, mo bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, mo gbé e sí imú. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń darí ẹ̀rọ bi mí bóyá nǹkan mi kan ló sọnù síbẹ̀. Mo ní rárá, bàbá mi ni mo ń wá. Ó yára kí mi kú ìrọ́jú, ó sì rọra sún sẹ́yìn.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí, ẹ má ṣe bí ti ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn, orí mi pé. Agbẹ́kàǹga ni bàbá mi, ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, níbi tí kàǹga ti ń jìn ju sùúrù ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Òun náà ló wà lára àwọn tó dá ẹ̀ka ìmọ̀ ilẹ̀ àti àpáta sílẹ̀ ní yunifásítì tó wà lẹ́yìn ìlú wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀. Ẹ ò ní í rí orúkọ rẹ̀ lára ògiri ibẹ̀, nítorí àwọn tó mọ̀wé ni wọ́n ń kọ sára ògiri. Èmi ni mo mọ ìtàn náà, èmi náà ni mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Àwọn agbẹ́kàǹga ayé ìgbà yẹn ní àṣà kan. Wọn kì í da erùpẹ̀ kàǹga jọ gègèrè kí wọ́n sì gbàgbé rẹ̀. Nígbàkígbà tí ilẹ̀ bá ti pa àwọ̀ dà nísàlẹ̀, ẹni tó wà nínú ihò á bu díẹ̀ sínú korobá, á pariwo sókè, ẹni tó wà lókè á sì kó o sínú ìkarahun ìgbín. Wọ́n á to àwọn ìkarahun náà lẹ́sẹẹsẹ sí ẹnu kàǹga, láti orí èyí àkọ́kọ́ títí dé orí èyí tí omi ti sun. Onílé á wá wò ó, á mọ bí ilẹ̀ tí òun kọ́lé lé lórí ṣe rí nínú. Bí ọmọ ẹlòmíràn bá fẹ́ gbẹ́ kàǹga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, ohun tó wà nínú ìkarahun ló máa kọ́kọ́ béèrè kó tó ki ẹsẹ̀ bọ ihò.

Àṣà kejì ni mo fẹ́ràn jù. Omi àkọ́kọ́ tí wọ́n bá fà nínú kàǹga tuntun, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mu ún, ẹni tó gbẹ́ ẹ ni wọ́n fi ń wẹ̀, ọmọ rẹ̀ ni yóò sì wẹ̀ ẹ́. Èmi nìkan ni àwọn òbí mi bí, nítorí náà èmi ni mo máa ń dúró ti ẹnu kàǹga pẹ̀lú kànrìnkàn àti ọṣẹ dúdú. Bàbá mi á yọ jáde, pupa látòkè délẹ̀, eyín rẹ̀ nìkan ló máa ń funfun. Èmi á máa fọ ilẹ̀ kúrò lẹ́yìn rẹ̀, onílé àti àwọn aládùúgbò á sì máa pàtẹ́wọ́. Báyìí ni mo ṣe dàgbà tí mo mọ̀ pé ohun tó bá ti inú ilẹ̀ jáde, wíwẹ̀ ni a fi ń yẹ́ ẹ sí.

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, kàǹga kan ya lu bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Imuṣin. Wọ́n yọ ọ́ láàyè, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ikọ́ ti ń bá a fínra, bí ó bá sì gun òkè díẹ̀ ó gbọ́dọ̀ dúró sinmi. Aránṣọ ni màmá mi, obìnrin tí kì í tún ọ̀rọ̀ sọ. Ó sọ fún un pé bó bá tún wọ ihò, kó má retí òun lókè. Bàbá mi tún wọ ihò, nítorí kò mọ iṣẹ́ mìíràn, màmá mi náà sì tún lọ dúró lókè. Mo máa ń rí i tó ń di okùn korobá náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, kódà nígbà tí kò sí nǹkan kan tí wọ́n ń fà.

Àsìkò yẹn ni yunifásítì náà ń dìde láàárín oko gbágùúdá. Wọ́n pe bàbá mi kó wá gbẹ́ kàǹga sí ilé ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ ibẹ̀. Dókítà ni gbogbo ènìyàn ń pe ọkùnrin yìí, kì í ṣe dókítà abẹ́rẹ́ o, dókítà ilẹ̀ ni. Ọmọ Ayépé ni, ó ti kàwé dé òkè òkun, wọ́n sì ní kó wá dá ẹ̀ka ìmọ̀ ilẹ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta iṣẹ́ náà ló jáde síta tó rí àwọn ìkarahun lẹ́nu kàǹga. Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò funfun rẹ̀, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bi bàbá mi ní ìbéèrè láti òkè, bàbá mi sì ń dá a lóhùn láti inú ihò. Mo dúró síbẹ̀, mo ń wo ṣòkòtò náà bó ṣe ń pọ́n, mo ń káàánú ẹni tó máa fọ̀ ọ́.

Nígbà tí omi sun tí mo sì wẹ bàbá mi tán, Dókítà kò sọ̀rọ̀ omi rárá. Ó ní kí bàbá mi wá máa bá òun ṣiṣẹ́. Bàbá mi bi í pé kàǹga mélòó ni. Ó ní kò sí kàǹga kankan níbẹ̀, òkúta ni wọn yóò máa kó jọ. Nígbà tí bàbá mi délé, ó sọ fún màmá mi pé ènìyàn dáadáa ni ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n ó jọ pé ìwé ti pọ̀ jù fún un. Màmá mi ní ì báà jẹ́ ewé orí igi ló ní kó wá máa kà, kó yáa lọ, níwọ̀n ìgbà tí kò ti sí ihò níbẹ̀.

Bí ẹ bá rí ibi tí ẹ̀ka náà ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ó rẹ́rìn-ín. Yàrá méjì tí àwọn kọ́lékọ́lé fi ń kó sìmẹ́ńtì pamọ́ ni. Màmá mi ló fún wọn ní àjákù aṣọ tí wọ́n fi ń bo ẹ̀rọ awò kan ṣoṣo tí wọ́n ní, èyí tí ń sọ ohun kékeré di ńlá lójú, kí eruku má bà á jẹ́. Wọ́n ní ọkọ̀ kan tí wọ́n fi okùn so ilẹ̀kùn rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò sì ju iye tí ọkọ̀ náà lè gbà lọ. Jiọ́lọ́jì ni àwọn ará ìlú ń pe ibẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn sì gbà pé wúrà ni wọ́n ń wá. Bí bàbá mi bá ń kọjá lọ́jà, wọ́n á ní, "Bàbá Jiọ́lọ́jì, ẹ má gbàgbé wa o."

Òun àti Dókítà rin gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀bú já. Wọ́n kó yangí láti Ìjẹ̀bú-Imuṣin, wọ́n kó òkúta iyanrìn àti amọ̀ tó ti dì bí òkúta láti Ayépé. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sínú Erédò, yàrà ńlá tí àwọn baba ńlá wa gbẹ́ yí ilẹ̀ wa ká, níbi tí ilẹ̀ ti là gbàgà tí ẹ lè ka àwọ̀ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n kó akọ òkúta láti Orù àti Ìjẹ̀bú-Igbó. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ìyá àgbà kan kò gbà kí wọ́n fọwọ́ kan àpáta oko rẹ̀. Ó ní àpáta náà ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí ìyá tó bí òun lọ́mọ, kí ló wá ṣẹ̀ wọ́n tí wọ́n fi gbé òòlù tọ̀ ọ́ wá? Dókítà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ṣàlàyé títí, kò yé ìyá náà. Bàbá mi wá sọ fún un pé àwọn fẹ́ kí àwọn ọmọ ilé ìwé mọ̀ ọ́n ni. Ìyá ní ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n lè gba díẹ̀, ó sì bu ìkọ́kọ́rẹ́ fún wọn jẹ.

Gbogbo òkúta náà jẹ́ mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Bàbá mi tò wọ́n sórí pákó nínú yàrá kejì gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń to ìkarahun, láti ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀ lápá ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú títí dé ibi tó ti le lápá òkè. Wọ́n lẹ bébà kékeré mọ́ ara òkúta kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà wà lára bébà, ìwé ńlá kan sì wà tí Dókítà kọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sí pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti mú un wá. Mo máa ń lọ jókòó sínú yàrá náà nígbà ìsinmi. Dókítà máa ń jẹ́ kí n fọwọ́ kan òkúta, á sọ orúkọ rẹ̀ fún mi, èmi náà á tún un sọ lọ́nà tó máa ń pa á lẹ́rìn-ín. Fún ọdún méjì tí bàbá mi fi ṣe iṣẹ́ yìí, kò wọ ihò kankan, ikọ́ rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ débi pé ó tún ń súfèé. A láyọ̀ nílé wa, mo lè sọ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìròyìn dé pé àwọn olùyẹ̀wò ìjọba àpapọ̀ ń bọ̀ ní ọjọ́ Mọ́ńdè kan. Wọ́n fẹ́ wá wò ó bóyá ẹ̀ka náà tó ẹ̀ka í pè. Bí kò bá tó, wọn yóò tì í pa, wọn yóò pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí ibòmíràn, gbogbo ẹni tí wọ́n gbà síbẹ̀ yóò sì padà sídìí iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ wọn kò tó nǹkan, ìwé wọn kò tó nǹkan. Àwọn òkúta yẹn ni Dókítà gbẹ́kẹ̀ lé. Mo gbọ́ tí màmá mi ń bi bàbá mi pé bí wọ́n bá tì í ńkọ́. Gbogbo wa ṣáà mọ iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Ní Sátidé tó ṣíwájú Mọ́ńdè náà, àwọn méjèèjì gbé ọkọ̀ lọ yá àga ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá mi fi mí sílẹ̀ nínú yàrá òkúta, ó ní kí n gbálẹ̀, kí n sì tún ibẹ̀ ṣe kó bójú mu fún àlejò. Mo gbálẹ̀. Mo nu pákó. Ìgbà tí mo wá gbójú sókè wo àwọn òkúta, ojú tì mí fún wọn. Eruku ti bò wọ́n, erùpẹ̀ oko ti gan mọ́ wọn lára, wọ́n sì ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ti jáde nínú ilẹ̀ láìsí ẹni tó wẹ̀ wọ́n. Àlejò ńlá ń bọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọmọ agbẹ́kàǹga sì ni mí.

Mo pọn omi nínú kàǹga tí bàbá mi gbẹ́, mo wá abọ́ ńlá, mo wá kànrìnkàn, mo sì bẹ̀rẹ̀. Mo wẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí gbogbo kọ̀rọ̀ ara wọn fi mọ́. Bébà ń ṣí lára wọn, ó ń léfòó lójú omi, mo ń kó o dànù, nítorí bébà tó ti rẹ kò yẹ àlejò. Mo sá wọn sí orí koríko. Nígbà tí wọ́n gbẹ, àwọ̀ tí n kò rí rí lára wọn yọ, òmíràn ń dán, òmíràn ní ìlà funfun nínú. Inú mi dùn débi pé mo ń kọrin. Mo kó wọn padà, mo tò wọ́n bó ṣe wù mí, àwọn tó funfun níwájú, àwọn tó dúdú lẹ́yìn, àwọn kéékèèké láàárín, mo sì jókòó ti ilẹ̀kùn, mo ń retí ẹni tó máa pàtẹ́wọ́ fún mi.

Bàbá mi ló kọ́kọ́ wọlé. Ó dúró. Mo rò pé ẹwà ibẹ̀ ló dá a dúró.

"Kí wo ti ṣe yìí?" ó bi mí. Ìjẹ̀bú rẹ̀ ki nígbàkígbà tí ọkàn rẹ̀ bá dàrú. Mo ní mo wẹ̀ wọ́n ni. Ó wo inú abọ́, ó wo orí pákó, ó sì rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"O ti wẹ ilé wọn kúrò lára wọn," ló wí.

Kò nà mí, ìbá sàn kó nà mí. Ó ní kí n dìde kí n lọ bá Dókítà níbi tó ti ń já àga sílẹ̀ lẹ́yìn ilé, kí n fi ẹnu ara mi sọ fún un. Mo lọ bá a, mo kúnlẹ̀ nínú iyanrìn, mo sọ ọ́. Dókítà sáré wọlé pẹ̀lú àga kan lọ́wọ́, kò rántí gbé e sílẹ̀. Ó ní òun lè sọ irú òkúta tí kọ̀ọ̀kan jẹ́, ìyẹn kò le, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ ibi tí wọ́n ti mú un wá mọ́. Òkúta tí a kò mọ ibi tó ti wá kò ní ohun tó fẹ́ kọ́ ẹnikẹ́ni. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nu ún, ó tún nu ún, ó sì sọ pé Mọ́ńdè ti bàjẹ́. Ìgbà náà ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe. Mo rí bàbá mi nínú ihò, mo rí màmá mi tó di okùn mú lókè, ẹkún sì gbé mi.

Bàbá mi ní kí Dókítà jọ̀ọ́ ṣí ìwé ńlá náà. Ó mú òkúta kan, ó fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n wò, ó yí i, ó fi àtàǹpàkò pa ojú ibi tí òòlù rẹ̀ ti là á. Ó ní èyí ni èyí tí òun gbé léjìká ní Orù lọ́jọ́ tí táyà jò. Dókítà wá a nínú ìwé, ó rí i. Bàbá mi mú òmíràn. Ó tọ́ amọ̀ wò lẹ́nu, ó gbá yangí mọ́ yangí ó fetí sí i, ó gbọ́ òórùn èyí tí ọ̀dà dúdú inú ilẹ̀ wà lára rẹ̀. Àwọn kan wà tó gbé sílẹ̀ tó tún padà gbé nígbà mẹ́ta. Erùpẹ̀ tí mo fọ̀ kúrò ni ìbá ràn án lọ́wọ́, kò sì sọ ọ́ kí n gbọ́, ṣùgbọ́n mo ń rí i bó ṣe ń wá a pẹ̀lú èékánná nínú kọ̀rọ̀ òkúta. Dókítà fẹ́ máa kọ nọ́ńbà tuntun náà fúnra rẹ̀, bàbá mi ní rárá, ẹni tó tú u ni yóò tò ó. Báyìí ni wọ́n ṣe fi mí sídìí tábìlì pẹ̀lú gègé àti bébà, tí mo ń kọ nọ́ńbà àti orúkọ ìlú pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

A ṣe é títí ọjọ́ fi rọ̀. Ní Sọ́ńdè, bí a ṣe jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, a tún padà síbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìsìn lọ́rùn, màmá mi sì gbé oúnjẹ wá bá wa. Nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́, òkúta mọ́kànlélọ́gọ́ta ti padà sílé. Ó ku méjì. Akọ òkúta ni méjèèjì, wọn kò yàtọ̀ síra rárá, àyè méjì ló sì ṣófo nínú ìwé. Ọ̀kan wá láti Orù, èkejì láti oko ìyá tó fún wọn ní ìkọ́kọ́rẹ́. Bàbá mi gbé wọn, ó sọ wọ́n kalẹ̀, ó tún gbé wọn. Ó mi orí.

Ó ti rẹ Dókítà. Ó ní, "Bàbá, ẹ fi ọ̀kan sí Orù, kí ẹ fi èkejì sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ta ni yóò mọ̀?"

Mo ti mú gègé. Ó wù mí gan-an kí bàbá mi gbà bẹ́ẹ̀, nítorí bí gbogbo rẹ̀ bá pé, ẹ̀ṣẹ̀ mi ti parẹ́ nìyẹn.

"Dókítà, ẹ má bínú," bàbá mi wí. "Ẹni tó bá purọ́ nípa ilẹ̀, ẹlòmíràn ló máa wọ ihò náà. Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ pé a ò mọ̀."

Dókítà ṣàlàyé fún un pé àwọn olùyẹ̀wò kò ní í fẹ́ rí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ilé ẹ̀kọ́ gíga, pé ohun tí wọ́n ń wá gan-an nìyẹn kí wọ́n lè ti ibẹ̀ pa. Bàbá mi ní òun mọ̀. Ẹni tí ilẹ̀ ti bo orí rẹ̀ rí ló ń sọ̀rọ̀, Dókítà náà sì ti bébà sọ́dọ̀ mi. Mo kọ "A kò mọ̀" sórí bébà méjì, mo sì fi ọwọ́ ara mi lẹ̀ wọ́n. Nígbà tí a ń lọ sílé, mo bi bàbá mi bóyá wọn yóò ti Jiọ́lọ́jì pa. Ó ní ìyẹn náà, òun kò mọ̀.

Àwọn àlejò dé ní Mọ́ńdè, mẹ́ta ni wọ́n. Bàbá àgbàlagbà kan tó gbẹ, tí kì í rẹ́rìn-ín, ni olórí wọn. Èmi wà lẹ́yìn fèrèsé, nítorí màmá mi ti kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ súnmọ́ nǹkan kan mọ́. Wọ́n wo ẹ̀rọ awò, wọ́n kọjá. Wọ́n wo ìwé tó wà lórí pákó, ìyẹn kò gbà wọ́n lásìkò. Nígbà tí wọ́n dé ìdí òkúta, ọkùnrin náà ń gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi dé orí méjì yẹn. Ó ka bébà, ó gbójú sókè, ó bi Dókítà pé kí ni èyí.

Mo rò pé Dókítà yóò wá nǹkan sọ. Ó nawọ́ sí bàbá mi, ó ní ẹni tó mọ̀ ọ́n nìyí. Bàbá mi sì sọ ohun gbogbo láìfi ọ̀kan pamọ́, pé ọmọ òun wẹ àwọn òkúta náà, pé òun mọ mọ́kànlélọ́gọ́ta, òun kò mọ méjì, àti pé òun kò fẹ́ kí ọmọ ẹlòmíràn gbẹ́ ilẹ̀ lọ́jọ́ kan nítorí ohun tí òun méfò rẹ̀. Ọkùnrin náà mú òkúta márùn-ún láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí pákó, ó bo bébà wọn, ó ní kí bàbá mi sọ ilé wọn. Bàbá mi sọ márààrún. Ọkùnrin náà bi í bóyá ó dá a lójú. Bàbá mi ní bí kò bá dá òun lójú ni, ohun tó wà lára méjì yẹn ni wọn ìbá rí lára àwọn náà. Ọkùnrin yẹn kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó pẹ́ tó ń kọ ọ́, wọ́n sì lọ.

Lẹ́tà kò tètè dé. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí a fi ń retí rẹ̀, okùn korobá bàbá mi wà níbi tó fi kọ́ lẹ́yìn ilé, kò sí ẹni tó ń wò ó nínú wa. Ọjọ́ tó dé, Dókítà ló fi ẹsẹ̀ rìn wá sílé wa. Ó kà á fún bàbá mi, ó sì túmọ̀ rẹ̀ sí Ìjẹ̀bú. Wọ́n ní ẹ̀rọ kò tó, wọ́n ní ìwé kò tó, kí wọ́n lọ wá a. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ohun tí ẹ̀ka náà kọ sílẹ̀ ṣeé gbà gbọ́, nítorí náà kó máa bá iṣẹ́ lọ. Màmá mi dìde, ó lọ sẹ́yìn ilé, ó tú okùn náà, ó sì fi fún aládùúgbò wa tó ń sin ewúrẹ́.

Bàbá mi kò wọ ihò mọ́ títí ó fi kú. Ó dàgbà, irun rẹ̀ funfun tán, àwọn tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń di òòlù mú sì ti di ọ̀jọ̀gbọ́n. Èmi kò kọ́ Jiọ́lọ́jì. Olùkọ́ ni mo ṣe, mo kọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n yín àti àwọn òbí yín ní jọ́gíráfì títí mo fi fẹ̀yìn tì, àwọn tí mo kọ́ sì mọ̀ pé n kì í gbà kí wọ́n méfò. Yàrá sìmẹ́ńtì yẹn ti lọ. Ilé alájà mẹ́ta ló wà níbẹ̀ báyìí, afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ nínú rẹ̀, àwọn ọmọ ń fi fóònù wo ibi tí wọ́n dúró sí lórí ilẹ̀. Kò sí ẹni tó ń tọ́ amọ̀ wò mọ́. N kò ní í purọ́ fún yín, àárò díẹ̀ nínú rẹ̀ ń sọ mí, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ kankan tó tún gbọ́dọ̀ máa wo ẹnu ihò bóyá bàbá òun máa jáde, ìyẹn sì tẹ́ mi lọ́rùn.

Ní oṣù tó kọjá ni wọ́n pè mí síbẹ̀. Olùkọ́ kan tó ń tọ́jú àwọn òkúta báyìí ló ránṣẹ́ sí mi. Ọmọbìnrin ni, ó kéré ju àbígbẹ̀yìn mi lọ, bàbá mi sì ti kú kí wọ́n tó bí i. Ó mú mi lọ sídìí àpótí gíláàsì, mo sì rí ọwọ́ ìkọ̀wé mi lára òkúta mẹ́tàlélọ́gọ́ta, ìnkì ti ṣá. Ó ní wọ́n ti ra ẹ̀rọ kan tó lè wo inú òkúta kó sì fi í wé àpáta tó bí i. Wọ́n ti gbé méjì yẹn sí i. Ó ní ó jọ pé èyí tó wà lápá ọ̀tún ni ti Orù.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wo ọkàn mi. Gbogbo ọdún yẹn, n kò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta kan kí n má rántí méjì tí mo sọ di aláìnílé. Mo ti ṣí àpò mi kó tó sọ̀rọ̀ tán, mo ti mú gègé jáde, mo ní kó fún mi ní bébà kí n fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́.

Ọmọ náà kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mà," ó ní, "ó jọ ọ́ ni, kò tíì dá wa lójú. A ò lè kọ ọ́ báyìí. Ẹnì kan lè tẹ̀lé e gbẹ́ ilẹ̀."

Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ yẹn. Ó ní kò sí ẹni kan pàtó, bí wọ́n ṣe ń ṣe ní ẹ̀ka àwọn nìyẹn. Mo fi ọwọ́ kan orí rẹ̀, mo sì dá gègé mi padà sínú àpò.